Yíyọ Dana 35 kúrò lábẹ́ Cherokee XJ, ká fi axle ẹ̀yìn Explorer 8.8 rọ́pò rẹ̀

OníXJ98
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Jeep Cherokee XJ ọdún 1998 ni ọkọ̀ náà, ẹ́ńjìnnì 4.0, jíà AW4 tó ń yí fúnra rẹ̀, ABS (èyí tí kì í jẹ́ kí táyà há pa bí a bá tẹ bíréèkì) wà lára rẹ̀. Axle (irin tó gbé táyà méjì, tó sì ń yí wọn) Dana 35 ló wà lẹ́yìn, Dana 30 wà níwájú, 3.55 ni jíà méjèèjì, ìyẹn ni pé pùròpẹ́là (ọ̀pá gígùn tó ń gbé agbára wá sí axle) ń yí nígbà 3.55 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ́ kó gbé táyà tó ga ní ínṣì 33, kó máa gun òkúta, kó máa wọ ẹrẹ̀, kó sì tún ṣeé wà lórí títì. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń sọ pé axle Ford Explorer 8.8 ni kí n lọ wá ní jọ́ńkíyàádì. Ewo gan-an ni kí n mú, kí ni màá gé, kí ni màá jó, kí sì ni màá rà ní tuntun? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́.

BàbáJíà
Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe Dana 35, torí ẹnì kan á dé láìpẹ́ tó máa ní kò burú tó bẹ́ẹ̀. Kíráùn rẹ̀ (jíà ńlá inú axle) ò ju ínṣì 7.58 lọ. Ṣáfùtì rẹ̀ (ọ̀pá tó ń yí táyà) ní eyín 27, ó sì nípọn tó nǹkan bí ínṣì 1.18. Túùbù rẹ̀ jẹ́ ínṣì 2.625, ó sì máa ń tẹ̀ bí ọkọ̀ bá fò tó já lulẹ̀. C-clip (òrùka irin kékeré tó rí bíi C) ló sì di ṣáfùtì mú láti inú. Bí ṣáfùtì bá ṣẹ́ láàárín C-clip àti táyà, kò sí ohun tó ń dá a dúró mọ́, táyà àti èyí tó kù lára ṣáfùtì á jọ yọ jáde ni.

8.8 náà ń lo C-clip, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Àmọ́ kíráùn rẹ̀ jẹ́ ínṣì 8.8, ṣáfùtì rẹ̀ ní eyín 31, ó nípọn tó ínṣì 1.32, túùbù rẹ̀ sì jẹ́ ínṣì 3.25. Bí ó bá tiẹ̀ ṣẹ́, kálípà dísìkì ṣì máa há rótọ̀ mọ́ débi tí ẹ ó fi ráyè dúró.

Èyí tí ẹ fẹ́ ni ti Explorer 1995 sí 2001. Ti 1991 sí 1994, dúróòmù ló ní. Láti 2002, Explorer onílẹ̀kùn mẹ́rin ti yí padà, táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ń dá gòkè sọ̀ fúnra rẹ̀, kò sí axle tó ṣeé yọ níbẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá gbé ti Ranger fún yín pé ọ̀kan náà ni, ẹ dá a padà: ọ̀pọ̀ wọn ló ní eyín 28, wọn ò sì fẹ̀ tó.

Ihò bóòtù táyà Explorer jẹ́ márùn-ún lórí ínṣì 4.5, bíi ti Jeep gẹ́lẹ́, òó (ìlà yíká ara) bóòtù náà bára mu, ìdajì ínṣì, òó 20 nínú ínṣì kan. Rímù yín á wọlé láìsí àlẹ̀mọ́. Àmọ́ bí rímù bá jẹ́ ínṣì 15, ẹ gbé ọ̀kan dání lọ síbi tí ẹ ti fẹ́ rà á, kí ẹ dán an wò lórí kálípà. Àwọn rímù irin kan máa ń fara kan án.

Ẹ wo páálí irin kékeré tó wà lára bóòtù ìdérí ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá kọ "3L73" sí i, 3.73 ni, L yẹn sì túmọ̀ sí pé ó ní limited-slip (èyí tí kì í jẹ́ kí táyà kan dá yí lásán). Bí kò bá sí L láàárín, òfìfo ni, ìyẹn èyí tí táyà kan lè dá yí nígbà tí èkejì dúró. Bí páálí bá ti já, ẹ kà á fúnra yín. Tó bá jẹ́ òfìfo, ẹ di táyà kan mú pinpin, ẹ yí èkejì nígbà méjì, ẹ ka iye ìgbà tí pinion (jíà kékeré tí pùròpẹ́là ń yí, tó ń yí kíráùn) yí. Tó bá jẹ́ limited-slip, ẹ yí táyà méjèèjì pọ̀ nígbà kan ṣoṣo, kí ẹ ka pinion. Mẹ́ta àti ìdajì àti díẹ̀ sí i, 3.55 nìyẹn. Tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta lé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, 3.73 ni.

Ẹ má ra axle lásán o. Ẹ gbà á pẹ̀lú kálípà àti ìdè rẹ̀, rótọ̀, wáyà háńbíréèkì méjèèjì, páìpù bíréèkì orí túùbù, àti fláńjì tó wà nídìí pùròpẹ́là Explorer. Bóòtù mẹ́rin ló di fláńjì yẹn, orí wọn jẹ́ mílímítà 12 oníga méjìlá. Bí ẹ bá fi sípánà oníga mẹ́fà lé e, ẹ ti ba orí rẹ̀ jẹ́ nìyẹn.

Ẹẹ́dọ́gbọ̀n_25
Ẹnì kan ti dé. 😄 Ṣùgbọ́n n kò ní gbèjà Dana 35.

Ẹ̀yin OníXJ98, XJ 1997 sí 2001 tí kò ní ABS, Chrysler 8.25 ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wọn, eyín 29. Ọkọ̀ yín gan-an ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ìjókòó sípíríńgì bọ́ sí àyè rẹ̀, ibi ṣọ́kì bọ́ sí àyè rẹ̀, háńbíréèkì náà ń so mọ́ ọn. Ẹ ó tú U-bolt (bóòtù tó rí bíi U, tó di axle mọ́ sípíríńgì), ẹ ó gbé ti àtijọ́ kúrò, ẹ ó gbé tuntun sí i, ó parí. Kò sí wẹ́dà, kò sí igun pinion tí à ń wọ̀n. Táyà 33 tí kò ní lọ́kà (ohun tó ń so táyà méjèèjì pọ̀ kí wọ́n máa yí bákan náà) lẹ́yìn, tí ẹni tó ń wà á ò fi ẹsẹ̀ wúwo, 8.25 eyín 29 á gbé e. Ẹ ṣáà rí i pé 29 ni, torí ti ọdún ìṣáájú jẹ́ 27.

Dana 44 tún wà lábẹ́ XJ kan, ọdún 1987 sí 1989, àwọn tí wọ́n kó ohun èlò fífa tírélà sí. Òun náà ń wọlé tààrà. Rírí i ló le, owó tí wọ́n sì ń dá lé e kò bọ́gbọ́n mu mọ́.

BàbáJíà
Òótọ́ pọ́ńbélé. Bí ẹni náà ò bá ní wẹ́dà tó gbọ́n, tí kò sì ní lọ́kà lọ́kàn, 8.25 ni kó mú, kó máa lọ. Ohun tó mú 8.8 wù mí jù ni dísìkì bíréèkì tó ń gbẹ kíá lẹ́yìn omi, limited-slip tó ti wà nínú rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́, àti pé ó ṣeé fi lọ́kà sí láìfòyà. Iṣẹ́ rẹ̀ ló pọ̀. Owó tí ẹ ó ná lórí axle fúnra rẹ̀ kéré sí èyí tí ẹ ó ná lórí pùròpẹ́là, U-bolt, páìpù bíréèkì àti wẹ́dà. Ẹ mọ èyí kí ẹ tó gbé owó jáde.

OníXJ98
Wẹ́dà wà, mo sì fẹ́ lọ́kà lọ́jọ́ iwájú. 8.8 náà ni. Ṣé kí n mú 3.73 oní-L tàbí 3.55?

Ìsirò_Eyín
Ẹ fi àyè gbà mí níbí, torí ibi tí owó ti ń wọgbó jù nìyí.

Jíà iwájú àti ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ bára mu. Bí iwájú bá jẹ́ 3.55 tí ẹ̀yìn jẹ́ 3.73, tí ẹ wá fa 4WD lórí ilẹ̀ líle, iwájú fẹ́ rìn ní ìwọ̀n kan, ẹ̀yìn fẹ́ rìn ní òmíràn, transfer case (àpótí jíà tó ń pín agbára síwájú àti sẹ́yìn) ló sì há sáàárín. Ṣéènì inú rẹ̀ á fà gan, lífà á há, ohun kan á já. Nínú ẹrẹ̀, táyà á máa yọ̀, ẹ lè má tètè mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Lórí kọnkéré, kò ní pẹ́ rárá.

Ní báyìí, táyà. Táyà tó wọ XJ láti ilé-iṣẹ́, 225/75R15, ga tó nǹkan bí ínṣì 28.3. Lórí jíà kẹrin AW4, tó jẹ́ 0.75, ní máìlì 65 ní wákàtí kan, 3.55 ń mú ẹ́ńjìnnì yí nígbà bíi 2,055 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi táyà 33 sí i láìyí jíà, ó wálẹ̀ sí bíi 1,760. Ẹ́ńjìnnì á máa ti òkè, jíà á máa já sí kẹta kó tún padà sí kẹrin, epo inú jíà á sì gbóná. Kí ó lè padà sí bó ṣe wà látilẹ̀, 3.55 × 33 ÷ 28.3 = 4.14. Ìyẹn ni pé 4.10 ló dá ọkọ̀ padà síbi tó ti wá. 4.56 gbé e sí bíi 2,260, èyí tó dára jù fún òkúta, ṣùgbọ́n ó ń jẹ epo lórí títì.

Ohun tó wá yẹ kí ẹ mọ̀: 8.8 kò ní ìyàtọ̀ kéríà (ilé tí kíráùn jókòó lé), kéríà kan náà ló gba gbogbo jíà rẹ̀. Dana 30 iwájú kò rí bẹ́ẹ̀. Kéríà tó gba 3.55 wálẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó gba 3.73 lọ sókè. Bí ẹ bá fẹ́ 4.10 tàbí 4.56 níwájú, ẹ ó ra kéríà pẹ̀lú, tàbí lọ́kà tí wọ́n ṣe fún ìhà yẹn.

Nítorí náà, bí owó kò bá tíì tó fún jíà iwájú, ẹ wá 8.8 tó jẹ́ 3.55, kí ẹ fi sí i bẹ́ẹ̀, kí ẹ máa lo táyà 31 títí owó á fi tó. Bí ẹ bá rí 3.73 oní-L, ẹ wá Dana 30 odindi tó jẹ́ 3.73 pẹ̀lú rẹ̀. Kí ẹ máà gbé 3.73 sẹ́yìn pẹ̀lú èrò pé "n kò ní fa 4WD lórí títì." Kí lẹ ra jíìpù fún nígbà náà?

OníXJ98
Ó yé mi. 3.55 nísinsìnyí, 4.10 lẹ́yìn ọ̀la. Ọ̀rọ̀ wẹ́dà ló kù.

Wẹ́dà_Àgbà
Ẹ jókòó dáadáa.

Ẹ má tíì ju axle àtijọ́ nù. Kí ẹ tó tú u, ẹ wọn àárín ihò ìjókòó sípíríńgì kan sí àárín èkejì. Nọ́ńbà yẹn ni ẹ ó gbé lọ sórí 8.8, kì í ṣe èyí tí ẹ kà níbì kan. Ẹ wọn ibi tí etí ṣọ́kì wà, àti igun tó fi dúró.

Lábẹ́ Explorer, sípíríńgì wà nísàlẹ̀ axle. Lábẹ́ XJ, orí axle ló jókòó sí. Nítorí náà gbogbo ìjókòó tó wà lára 8.8 ni ẹ ó gé kúrò, àti etí ṣọ́kì rẹ̀. Gíríńdà ni kí ẹ lò, kì í ṣe iná gáàsì. Ẹ gé e ku díẹ̀, kí ẹ wá fi òkúta gíríńdà lọ èyí tó ṣẹ́kù títí yóò fi bá túùbù dọ́gba. Bí gíríńdà bá jẹ wọ inú túùbù, ibẹ̀ ló máa la lọ́jọ́ kan.

Ẹ yọ ìdérí, ẹ da ọ́ìlì nù, ẹ yọ bóòtù tó di pínnì àárín mú. Ìyọnu 8.8 kan nìyí: bóòtù kékeré yẹn máa ń ṣẹ́ sínú ihò. Ẹ fi iná díẹ̀ gbóná rẹ̀ kí gúlúù inú rẹ̀ lè rọ̀, ẹ fi sípánà olórí mẹ́fà tú u pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì ra tuntun. Pínnì jáde, ẹ ti ṣáfùtì sínú, C-clip á bọ́, ṣáfùtì á yọ. Ṣáfùtì tó wà lápá dẹ́rẹ́bà gùn ju èkejì lọ, ẹ sàmì sí wọn. Síìlì ṣáfùtì méjèèjì, ẹ kà wọ́n sí òkú, torí iná wẹ́dà á jẹ wọ́n. Tuntun ni ẹ ó fi sí i nígbà tí gbogbo jíjó bá parí.

Túùbù àti ilé jíà ńkọ́? Ford ti túùbù bọ inú ilé jíà, wọ́n sì jó o ní ojú kéékèèké mélòó kan, ó tán. Pẹ̀lú táyà ńlá àti lọ́kà, túùbù lè yí nínú ilé náà. Ilé yẹn jẹ́ irin dídà, túùbù jẹ́ irin líle lásán. Bí ẹ bá fi wáyà MIG lásán jó méjèèjì pọ̀, ó máa dà bí ẹni pé ó mú, àmọ́ kábọ́ọ̀nù inú irin dídà á wọnú ojú jíjó, ibẹ̀ á le gan-gan bíi gíláàsì, ìlà kan á sì là lẹ́bàá rẹ̀. Ọ̀pá nickel ni ẹ fẹ́, tàbí nickel àti irin, ENiFe-CI. Ẹ gbóná ilé jíà náà yíká títí dé bíi 200 sí 260 lórí ìwọ̀n Celsius. Ẹ jó ínṣì kan, ẹ fi òòlù lù ú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nígbà tó ṣì pọ́n, ẹ lọ sí òdì-kejì, ẹ jó ínṣì kan níbẹ̀. Bí ẹ bá jó o yíká lẹ́ẹ̀kan, túùbù á fà. Nígbà tó bá parí, ẹ fi eérú gbígbẹ tàbí bùláńkẹ́ẹ̀tì wẹ́dà bò ó kó tutù díẹ̀díẹ̀. Ẹ má da omi sí i, ẹ má gbé e síta sínú atẹ́gùn.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ bóyá túùbù ti tẹ̀: kí ẹ tó jó ohunkóhun, ẹ dá ṣáfùtì padà sínú fún ìgbà díẹ̀, ẹ fi irin gígùn títọ́ kan dè mọ́ ojú fláńjì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wọn orí sí orí níwájú àti orí sí orí lẹ́yìn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn jíjó, ẹ tún wọ̀n. Bí iye náà bá yí padà, túùbù ti fà, bẹ́ríǹ òde á sì máa jẹ ṣáfùtì. Ìlà wẹ́dà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdì-kejì lè fà á padà, ṣùgbọ́n ohun tó dára jù ni kí ẹ má ṣe kánjú láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìjókòó sípíríńgì wá. Ẹ ra èyí tí wọ́n gé fún túùbù 3.25, tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 2.5. Ẹ má jó o pa. Ẹ gbé ìjókòó lásán sáàárín axle àti sípíríńgì, kí pínnì àárín sípíríńgì wọ ihò rẹ̀, ẹ fi U-bolt dè é díẹ̀. Ẹ fi táyà sí i, ẹ sọ ọkọ̀ sílẹ̀ kí ìwúwo rẹ̀ jókòó lórí sípíríńgì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú: wọ́n á fi imú pinion ṣe àárín. Pinion 8.8 kò sí láàárín axle, ó yẹ̀ sápá ọ̀tún bí ínṣì méjì. Bí ẹ bá fi í sáàárín ọkọ̀, táyà òsì á yọ síta, ti ọ̀tún á wọlé. Ojú ibi tí rímù ń jókòó sí ni ẹ ó fi wọ̀n, láti ara férémù lápá kọ̀ọ̀kan, kó dọ́gba. Kí pinion yẹ̀, kò séwu, pùròpẹ́là á gbà á.

Ẹ wá yí axle títí igun pinion á fi dára, ẹ fi wẹ́dà kàn án ní ojú mẹ́rin, ẹ sọ axle kalẹ̀, ẹ jó o pa lórí tábìlì. Irin ìdè wẹ́dà tó ń dá iná padà, kí ẹ fi mọ́ túùbù fúnra rẹ̀ nítòsí ibi tí ẹ ń jó. Bí ẹ bá fi mọ́ pinion tàbí ara ọkọ̀, iná á gba inú bẹ́ríǹ kọjá.

Pùròpẹ́là_Oníṣẹ́
Ọ̀gá Wẹ́dà, ẹ ṣeun. Ẹ fò ó lórí igun pinion, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, torí méjì ni igun náà.

Bí pùròpẹ́là bá ní U-joint (oríkèé tó ń tẹ̀) kan lókè, kan nísàlẹ̀, bí ti ilé-iṣẹ́, imú pinion àti imú transfer case gbọ́dọ̀ wà ní ìtò kan náà bí ojú irin méjì, kí igun òkè àti ti ìsàlẹ̀ dọ́gba. U-joint kì í yí ní ìwọ̀n kan náà bí ó bá tẹ̀, ó máa ń sáré, ó sì ń fà. Igun kejì ló ń pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Bí ẹ bá gbé sípíríńgì ga ju ínṣì mẹ́ta lọ, U-joint òkè á tẹ̀ púpọ̀, á máa gbọ̀n ṣáá. Nígbà náà ni a ń lo slip yoke eliminator (ohun tó ń rọ́pò slip yoke, orí pùròpẹ́là tó ń yọ́ wọlé yọ́ síta) lórí transfer case àti pùròpẹ́là oní-double cardan (oríkèé méjì tó so pọ̀). Fún ìyẹn, imú pinion á wo imú transfer case tààrà. Ẹ má pa igun méjèèjì pọ̀.

Nínú méjèèjì, ẹ jẹ́ kí imú pinion rẹlẹ̀ ní ìwọ̀n igun (degree) kan sí méjì. Bí ẹ bá tẹ epo, sípíríńgì á ká, imú pinion á gòkè, á wá bọ́ síbi tó yẹ.

Fláńjì Explorer tí BàbáJíà ní kí ẹ gbà, U-joint 1330 ló ń lò. Pùròpẹ́là XJ jẹ́ 1310. U-joint alápapọ̀ wà, Spicer 5-134X, apá kan 1310, apá kan 1330. Ìyẹn ló so wọ́n pọ̀. Ẹ má wọn gígùn pùròpẹ́là nígbà tí ọkọ̀ wà lórí jáàkì o. Sọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ wọ̀n. Bí ẹ bá ń lo slip yoke, ẹ fi bí ínṣì kan sílẹ̀ kó tó kan ìsàlẹ̀, kí ó má baà máa gún inú transfer case.

Bí ẹ bá fẹ́ yọ nọ́ọ̀tì pinion láti pààrọ̀ síìlì, ẹ fi pọ́ńṣì sàmì sí nọ́ọ̀tì, fláńjì àti ọ̀pá pinion, kí ẹ ka òó tó yọ síta. Kọ́là tí à ń tẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ ó dá nọ́ọ̀tì padà sójú àmì, ẹ fi díẹ̀ kún un, ó parí. Bí ẹ bá fi impact gun yí i mọ́lẹ̀, bẹ́ríǹ á gbóná, á jóná. Pẹ̀lú bẹ́ríǹ àtijọ́, ìwọ̀n yíyí pinion wà láàárín 8 sí 14 in-lb. Pẹ̀lú tuntun, 16 sí 29.

Ará_Ìbàdàn
Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo yín. Ìbàdàn ni mo ti ń kà yín. Èyí tó wà lọ́wọ́ èmi kì í ṣe XJ, Grand Cherokee 1997 ni, Dana 35 ló wà lẹ́yìn. Ṣé tòkunbọ̀ Explorer tí wọ́n tú ní Ládípọ̀ á wọ̀ ọ́? Ọ̀pá 6013 ni àwọn wẹ́dà wa sì ń lò.

Wẹ́dà_Àgbà
Axle kan náà ni, ìdè ló yàtọ̀. Sípíríńgì yíyí ló wà lábẹ́ tiyín. Ẹ ó jó ìjókòó sípíríńgì yíyí, ìdè apá ìsàlẹ̀, ìdè apá òkè, àti ìdè track bar (ọ̀pá tí kì í jẹ́ kí axle yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́). Bí apá òsì bá yàtọ̀ sí ọ̀tún bí ínṣì mélòó kan, ọkọ̀ á máa rìn ní ìbú bí akàn. Bí ẹ kò bá ní ohun tí à ń fi di gbogbo rẹ̀ mú lójú kan kí a tó jó o, ẹ má dá a lé.

Lórí ọ̀pá: 6013 wà fún géètì. Fún ìjókòó sípíríńgì, 7018 ni, kí ó gbẹ pátápátá. Bí ó bá ti gba ọ̀rinrin, ẹ gbé e sínú ààrò gbígbóná kí ẹ tó lò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ojú jíjó á kún fún ihò kéékèèké. Bí ẹ bá lọ sí Ládípọ̀, ẹ wo ọdún àti eyín, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí ìdérí. Ọ́ìlì dúdú kò ṣe nǹkan. Irin wẹ́wẹ́ tó nípọn lórí máginẹ́ẹ̀tì ni ẹ ó sá fún.

Bíréèkì_Lójú
Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ bíréèkì dáadáa, òun ló sì ń pa ènìyàn.

Dúróòmù máa ń fa ara rẹ̀ mọ́ra bó bá ti mú, dísìkì kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ agbára omi púpọ̀ jù. Fáàfù tó ń pín agbára lábẹ́ master cylinder (pọ́ọ̀ǹpù bíréèkì) XJ, wọ́n ṣe é fún dúróòmù, ó ń dín ti ẹ̀yìn kù. Bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án, iwájú á máa ṣe gbogbo iṣẹ́. Fáàfù Grand Cherokee tó ní dísìkì lẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ ń gbé sínú rẹ̀, tàbí èyí tí à ń fi ọwọ́ yí. Ẹ dán an wò lórí ilẹ̀ òfìfo tó tutù. Iwájú ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ há. Bí ẹ̀yìn bá kọ́kọ́ há, ọkọ̀ á yí padà mọ́ yín lọ́wọ́.

Wáyà háńbíréèkì Explorer ń wọlé sí ìhà táyà láìsí ìyọnu, torí dúróòmù kékeré inú rótọ̀ ló ń fà. Ìhà ọkọ̀ ni ẹ ó ti ṣe ìdè tuntun fún un. Ẹ yí ìràwọ̀ inú rótọ̀ títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara, kí ẹ tó fa wáyà le.

ABS: ọkọ̀ yín ní sẹ́ńsọ̀ nídìí táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan, 8.8 ní ẹyọ kan lórí ilé jíà. Wọn ò lè gbọ́ èdè ara wọn. ABS á pa ara rẹ̀, iná rẹ̀ á máa tàn, bíréèkì lásán á ṣì ṣiṣẹ́. Sẹ́ńsọ̀ 8.8, ẹ fi sílẹ̀ nínú ihò rẹ̀ kó dí i, ẹ gé wáyà. Spídómítà kò kan èyí, transfer case ló ń kà á.

BàbáJíà
Ìyókù ní kíákíá. U-bolt tuntun ni, kí inú rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 3.25, ti àtijọ́ kò ní gba túùbù. Àwo abẹ́ rẹ̀ náà, tuntun. Ẹ tún un dè lẹ́yìn máìlì 50, torí sípíríńgì á ti jókòó. Ẹ̀yìn ọkọ̀ á ga díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, túùbù ló nípọn ju ti àtijọ́.

Bóòtù pínnì àárín, gúlúù Loctite, 15 sí 30 ft-lb, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá tú kéríà, bóòtù ìdè bẹ́ríǹ rẹ̀ 70 sí 85 ft-lb, kí ẹ sì dá ìdè kọ̀ọ̀kan padà síbi tí ẹ ti yọ ọ́. Àyè láàárín eyín kíráùn àti pinion, 0.008 sí 0.015 ínṣì.

Ọ́ìlì 75W-140, bí lítà méjì àbọ̀, kó dé díẹ̀ sísàlẹ̀ ihò. Limited-slip fẹ́ 4 ounce àfikún tirẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa dún gbì gbì bí ẹ bá ń yí kọ́nà. Láti mọ̀ bóyá pákó inú rẹ̀ (àwọn àwo tó ń gbo ara wọn) ti jẹ tán: ẹ gbé táyà ẹ̀yìn kan sókè, jíà ní nútúrà, ẹ fi sípánà oníwọ̀n yí i. Bí ó bá yí kó tó dé 20 ft-lb, pákó ti lọ.

OníXJ98
Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀kan ló kù: bí ó bá ń gbọ̀n lẹ́yìn gbogbo èyí, níbo ni kí n kọ́kọ́ wò?

Pùròpẹ́là_Oníṣẹ́
Bí ó bá ń gbọ̀n nígbà tí ẹ bá tẹ epo láti dúró nìkan, sípíríńgì ló ń ká, pinion ń gòkè jù. Bí ó bá ń gbọ̀n bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, pinion ti wálẹ̀ jù. Bí ó bá ń gbọ̀n lórí ìwọ̀n kan pàtó, ì báà jẹ́ ẹsẹ̀ lórí epo tàbí kúrò, pùròpẹ́là ni kò dọ́gba, tàbí fláńjì tó jókòó wíwọ́. Kí ẹ tó gé ìjókòó sípíríńgì padà, ẹ kọ́kọ́ lo ìgbékọ́ irin onígun tó ń wọ abẹ́ sípíríńgì, ìwọ̀n méjì tàbí mẹ́rin, kí ẹ wo bó ṣe yí padà. Ẹ rí i pé pínnì àárín sípíríńgì ṣì gùn tó láti wọ ihò ìjókòó lẹ́yìn tí irin náà bá ti wọlé; bí kò bá gùn tó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó wa ọkọ̀ náà.